Bébà Inú Kíjìpá

Aṣọ kíjìpá ni èmi àti ìyàwó mi jọ ká lọ́jọ́ náà, ọ̀sán Sátidé kan nígbà ọyẹ́, láàárín àwọn ọdún 1990. Ìyá rẹ̀ ló hun ún fún un nígbà ìgbéyàwó wa. Ó nípọn, ó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnì kan ṣoṣo kò lè ká a kó gún. Ó di igun méjì mú, mo di méjì mú, a dojú kọ ara wa ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìlàré.

“Ẹ fà á, Tíṣà. Ẹ tún ti jẹ́ kí ọ̀dọ̀ yín wọ́lẹ̀.”

“Ìwọ lo ga jù.”

“Èmi? Èmi tí mi ò ga dé èjìká yín?”

Bí aṣọ ṣe ń kéré sí i ni a ń sún mọ́ ara wa, títí ọwọ́ wa fi kan ara wọn. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ti bébà kan bọ àárín rẹ̀, ó fi káńfọ̀ méjì sí i, ó gbé e sínú àpótí aṣọ rẹ̀. N kò béèrè ohun tí bébà náà jẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti ń bá a jà láti ọjọ́ pípẹ́ mú un lọ kí n tó rí ọkọ̀ tí yóò gbé wa dé ọsibítù.

A kò bímọ. Nílẹ̀ wa, ọkọ kì í jogún ìyàwó rẹ̀. Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló ni ẹrù rẹ̀. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wá láti Ìrẹmọ láti gbé àpótí náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi mí bóyá nǹkan tèmi wà níbẹ̀. Ojú àwọn àgbà tó wà níjokòó ló ti bi mí. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń ṣojúkòkòrò sí ẹrù òkú.

Mo ní, “Rárá o. Kò sí nǹkan tèmi kankan níbẹ̀. Ẹ gbé gbogbo rẹ̀.”

Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ owó-orí dé. Èmi àti òun ti jọ ra ilẹ̀ kan lẹ́yìn ìlú, ó sì ku kí ìjọba fún wa ní ìwé rẹ̀. Akọ̀wé tó wà nídìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní kí n mú ẹ̀rí wá pé mo ti san owó-orí ọdún mẹ́ta. Bí mo bá mú un wá kí oṣù tó parí, bí ìwé náà ṣe wà ni yóò ṣe jáde, pẹ̀lú orúkọ àwa méjèèjì. Bí n kò bá mú un wá, n ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, orúkọ tèmi nìkan ni yóò sì wà níbẹ̀.

Ní ọ́fíìsì owó-orí, ọ̀dọ́bìnrin tó wà lẹ́yìn tábìlì ka àwọn ìwé owó oṣù mi lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn pélébé tí wọ́n ń fún àwa olùkọ́, tó ń fi iye tí wọ́n yọ fún owó-orí hàn. Ó gbójú sókè.

“Bàbá, oṣù kan kù. Oṣù Kẹsàn-án èṣí.”

Oṣù tí wọ́n gbé mi kúrò ní ilé-ìwé kan lọ sí òmíràn ni. Orúkọ mi ti kúrò nínú ìwé ti àtijọ́, kò sì tíì dé inú ti tuntun. Pélébé ọ̀hún nìkan ni ẹ̀rí mi.

“Ẹ ò lè fi ti oṣù tó ṣáájú rọ́pò rẹ̀?”

“Bàbá, bí ọmọ kíláàsì yín bá dáhùn ìbéèrè mọ́kànlá nínú méjìlá, ṣé ẹ máa ń fún un ní méjìlá?”

Mo rẹ́rìn-ín. Gbogbo ọ̀nà ilé ni mo ń rò ó bí n ó ṣe sọ ọ́ fún ìyàwó mi, títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà tí èmi fúnra mi tì pa.

Mo tú ilé. Gbogbo pélébé ló wà nínú fáìlì mi àfi ọ̀kan yẹn. Ìgbà tí mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, níhà tèmi, ni mo rántí bébà inú kíjìpá. Èmi ni mo máa ń da ìwé káàkiri. Òun ló máa ń ṣà á jọ.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi rò ó kí n tó lè lọ sí Ìrẹmọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹnu ara mi sọ ló ń dá mi dúró.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ń bó ẹ̀gúsí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ bí àna ṣe ń ṣe. N kò tíì sọ ohun tí mo bá wá tán tí àbúrò rẹ̀ fi dá sí i.

“Àpótí tí ẹ ní kò sí tiyín nínú rẹ̀? Àbí ẹlòmíràn ló fẹnu yín sọ ọ́?”

“Èmi ni. Mo ṣì í sọ.”

“Tíṣà ṣi nǹkan! Ẹ jẹ́ kí n pe àwọn ará ilé wá gbọ́.”

“Gbẹ́nu ẹ dákẹ́,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún un. Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára ìró rẹ̀, ó dìde. “Ẹ wọlé, àna mi. Láti ọjọ́ tí a ti gbé e dé, n kò tíì lè ṣí i.”

Ó ṣí i. Òórùn káńfọ̀ jáde, òórùn pàúdà rẹ̀ tẹ̀ lé e. Kíjìpá ló wà lókè pátápátá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ na igun méjì sí mi, a tú u, bébà náà sì bọ́ sílẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án ni. Èmi ni mo ti ká a wẹ́wẹ́ fi ṣe àmì sínú ìwé kan tí mò ń kà. Ìyàwó mi ti fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ títí ó fi nà.

Àbúrò rẹ̀ ló mú un nílẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e fún mi.

Mo fẹ́ dá aṣọ náà padà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mi orí.

“Òótọ́ ni, ọkọ kì í jogún ìyàwó. Èmi ni mo jogún rẹ̀. Ohun tí mo jogún ni mo fi ta yín lọ́rẹ. Ta ló fẹ́ bi mí?”

Ní ọ́fíìsì owó-orí, ọ̀dọ́bìnrin náà ka ti èṣí, ó pé méjìlá, ó sì lu òǹtẹ̀. Nígbà tó yá, ìwé ilẹ̀ jáde. Mo ka orúkọ méjèèjì lórí rẹ̀, mo tún un kà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn mo gbé kíjìpá lọ sẹ́yìnkùlé. Mo so igun méjì mọ́ okùn tí a fi ń sá aṣọ, mo di méjì yòókù mú, mo sì fà á. Ọ̀dọ̀ tèmi wọ́lẹ̀. Mo tú u, mo tún un ká. Nígbà kẹta, ó gún. Mo ti ìwé ilẹ̀ bọ àárín rẹ̀, mo sì fi káńfọ̀ méjì sí i.