Lìádì Tó Ń Ki Wáyà Bọ Bàálù

Ìdí bàálù ni Lìádì aládùúgbò mi ti ń jẹun láti ìgbà géńdé rẹ̀. Bí bàálù bá balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Alákìá, òun ni í ki igi sídìí táyà kó má baà yí, òun náà ni í fa kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ẹ̀yìn ọgbà pápákọ̀ náà gan-an ni agboolé wọn wà, lórí ilẹ̀ tí bàbá bàbá rẹ̀ ti ń gbin ẹ̀gẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan bàálù.

Hasanat, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ní ikọ́ fée. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé òórùn kẹrosíìnì a máa lé òtútù àyà. Àwọn ìyá wa a máa fi pa wá láyà. Lìádì rò ó pé bí ti inú ìgò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, mélòómélòó ni ti bàálù, tí epo rẹ̀ ń rùn bíi kẹrosíìnì! Ló bá ń gbé ọmọ lọ sídìí ọgbà nírọ̀lẹ́, nígbà tí bàálù bá dúró tí ẹ́ńjìnnì kékeré ìdí rẹ̀ tó ń fún un ní iná àti afẹ́fẹ́ ṣì ń hó, á ní kó mí sínú dáadáa. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí ìbá sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì kan ní Ẹgbẹ́dá ló là á yé e, lọ́jọ́ tí ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

"Bàbá, èéfín yẹn ló ń pa á lára. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí i."

Ibo ni Lìádì fẹ́ gbé ilé bàbá rẹ̀ lọ? Ó sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ilé iṣẹ́ wọn gbé wáyà iná tuntun dé, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù. Bí wọ́n bá ti kì wọ́n bọ bàálù, awakọ̀ lè pa ẹ́ńjìnnì kékeré yẹn. Akíntáyọ̀ ọ̀gá wọn fi Lìádì sídìí rẹ̀. Àmọ́ àwọn awakọ̀ kì í pa á, wọ́n ń bẹ̀rù pé iná lè lọ. Èmi ò lè bá wọn wí, ta ni kò mọ iná wa?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ sọ́nà agboolé, àyà Hasanat sì ti ń dì láti àárọ̀. Kápítéènì Morónikẹ́, tó wa bàálù ọjọ́ náà, sọ̀ kalẹ̀ wá yẹ táyà wò. Lìádì ṣí fìlà, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Obìnrin náà yára dì í mú.

"Háà, Bàbá! Kí ló dé?"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa ẹ́ńjìnnì kékeré yẹn. Ọmọ mi wà lẹ́yìn ọgbà yẹn, kò rí èémí mí."

"Tí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́? Èrò wà nínú ọkọ̀."

"Bátìrì ńlá wà lẹ́yìn wáyà náà, tí iná bá lọ. Wọlai, mi ò ní kúrò nídìí wáyà yìí títí tẹ́ẹ máa fi ṣe tán."

Kápítéènì náà gòkè padà sínú bàálù. Láìpẹ́, ẹ́ńjìnnì náà kú.

Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Lìádì gbọ́ igbe adìyẹ lódìkejì ọgbà. Ó gbọ́ ohùn Mùjíbátù ìyàwó rẹ̀, tó ń bẹ ọmọ pé kó mí, kó rọra mí. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ikọ́ Hasanat. Gbogbo ọdún tó fi ń fa ẹrù níbí ni wọ́n ti ń jẹ̀rora lọ́hùn-ún, tí ariwo kò jẹ́ kó gbọ́. Ó fẹ́ sáré lọ bá wọn, àmọ́ ó ti búra. Ó di wáyà náà mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó dúró, ó ń gbọ́ ọ.