Ẹ̀gúsí Tí Màmá Àgbà Ń Mú Lọ Sílé

Ọmọ mi ra ẹ̀gúsí bíbó wálé lánàá, inú ọ̀rá ló wà, ẹ̀rọ ló bó o. Mo gbaná jẹ. "Ṣebí mo ní kó o ra èyí tó ní èèpo!" Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Mọ́mì, wọ́n ti bá yín ṣe wàhálà rẹ̀ tán." Kò mọ̀ pé wàhálà náà gan-an ni mò ń wá.

Ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí mo wà ní ilé ìwé ìjọ wa ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi là ń gbé ní Ìrẹmọ. Màmá Àgbà là ń pè wọ́n. Wọ́n ti ń ṣarán. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, wọn á ti di ẹrù sínú ìborùn: àwo kan, bàtà ẹsẹ̀ kan, Bíbélì.

"Mò ń lọ sílé."

Inú ilé wọn náà la wà! Èmi tí wọ́n ní kí n ṣọ́ ẹnu ọ̀nà á ní, "Màmá, ilé yín rèé." Wọn á ní, "Irọ́ ni. Ìwọ, ọmọ ta ni?" Èmi tí wọ́n pọ̀n dàgbà! Ìyá mi á jágbe mọ́ wọn, wọn á bú sẹ́kún, èmi náà á bú sẹ́kún. Lójoojúmọ́.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Sìkírù, aládùúgbò wa tí ń ta ẹ̀gúsí, gbé abọ́ ẹ̀gúsí eléèpo kan wọlé. Wọn kò bá Màmá jiyàn. Wọ́n kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìmúra o, Màmá. Ṣé ọwọ́ òfìfo lẹ máa mú lọ bá àwọn ará ilé ni?"

Ojú ti Màmá Àgbà. Ta ní í lọ sílé láìmú nǹkan dání? Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n jókòó ti ẹ̀gúsí, èmi náà bá wọn bó o. Pà, pà, pà. Ìka wọn kò gbàgbé nǹkan kan. Wọ́n tilẹ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín: "Wò ó bó ṣe ń fọ́ ọ bí ẹni ń fọ́ ẹ̀kùrọ́!" Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìrìn àjò ti kúrò lọ́kàn wọn.

Mo sọ fún Ìyá Sìkírù pé irọ́ ni wọ́n pa fún Màmá, Ọlọ́run ò fẹ́ irọ́. Wọ́n ní, "Irọ́ wo? Ṣé mo ní kí wọ́n má lọ ni?"

Lọ́jọ́ kejì, ẹrù tún ti wà ní dídì. Ó sú mi. Mò ń gbàdúrà kí Ọlọ́run dá iyè wọn padà. Iyè ò dé, abọ́ ẹ̀gúsí ló ń dé. Ìsinsìnyí ni mo tó ń dúpẹ́ rẹ̀.

Ìyá Sìkírù ti lọ. Ìyá mi tó ń jágbe nígbà náà ti darúgbó sọ́dọ̀ mi, àwọn náà sì ti ń di ẹrù nírọ̀lẹ́. Èmi náà ti jágbe mọ́ wọn, kí Olúwa dárí jì mí.

Tìbínú-tìbínú ni mo fi lọ sọ́jà fúnra mi lánàá. Mo gbé abọ́ ẹ̀gúsí eléèpo síwájú ìyá mi. "Màámi, ṣé ọwọ́ òfìfo lẹ máa mú lọ ni?"

Wọ́n wo abọ́, wọ́n wò mí. Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀.

"Sún mọ́bí," ni wọ́n wí. "Ìwọ ò kúkú mọ̀ ọ́n bó rí."