Igẹ̀ Àgbò àti Ìyá Ẹ̀yìnkùlé

Bí òórùn irun àgbò tí iná ń wi bá ti dé imú mi, Iléyá kan ni mo máa ń rántí, èyí tó tẹ̀lé ikú baálé wa. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nínú agbo ilé ní Ìwó níbí mọ bó ṣe máa ń rí: àwọn ọkùnrin ti ti yídì dé, wọ́n ti bọ́ agbádá sílẹ̀, ọ̀bẹ ń ṣiṣẹ́, èéfín sì ń ta gbogbo wa lójú ní ẹ̀yìnkùlé. Èmi ni mo ń pín ẹran, torí èmi ni mo dàgbà jù nínú àwọn ìyàwó ilé. Ní ilé tiwa, baálé ló ni igẹ̀. Bí baálé bá kú, ẹni tí a bá gbé igẹ̀ àgbò fún ní Iléyá tó tẹ̀lé e, òun ló jẹ baálé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ parí.

Ẹni tí ọjọ́ orí kàn lọ́dún náà ni ọkùnrin kan tó ń ránṣọ, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Télọ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyá tó bí bàbá bàbá rẹ̀, ojú ogun ni wọ́n ti kó o wá, láti ọ̀nà Èkìtì, nígbà tí ìlú ń dojú ìjà kọ ìlú nílẹ̀ Yorùbá. A kì í sọ ọ́ sókè. Ìyá Ẹ̀yìnkùlé là ń pè é, torí ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sin ín sí, bí ẹni pé ibẹ̀ náà ló ti hù. Ẹni tó tẹ̀lé Bàbá Télọ̀ lọ́jọ́ orí ni Bàbá Olúpọ̀nnà, tí oko rẹ̀ wà ní Olúpọ̀nnà. Kí ọdún tó dé, ó wá bá mi ní ilé ìdáná, ó ní ọmọ ẹrú kì í jẹ baálé, kí n má gbé igẹ̀ gba ọ̀dọ̀ télọ̀. Mo ní mo ti gbọ́. Gbígbọ́ yàtọ̀ sí gbígbà, àmọ́ títí di àárọ̀ ọjọ́ náà, n ò tíì mọ ohun tí n ó ṣe.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, tó wà ní yunifásítì nígbà náà, jókòó tì mí, ó ń gé àlùbọ́sà. Wọ́n fẹ́ ṣe àríyànjiyàn níléèwé lórí ohun tó fa ogun abẹ́lé tó jà láàárín àwọn baba ńlá wa, wọ́n sì ti ní kí ó gbè sẹ́yìn àwọn tó ní òwò ẹrú ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò fún wa. Ó ní wọ́n ń kó èèyàn, wọ́n ń tà wọ́n sí etí òkun, wọ́n ń fi ra ìbọn àti ẹ̀tù, wọ́n tún ń padà lọ kó èèyàn sí i. Bàbá Olúpọ̀nnà, tí òun àti Bàbá Télọ̀ jókòó nítòsí iná, rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ọmọ ìwé yìí, ohun tí wọ́n bá ti kà ní òótọ́ wọn. Ó ní Ọ̀yọ́ ló tú, tí oníkálùkù sì fẹ́ ṣe olórí. Ó ní wọ́n ń dí ọ̀nà mọ́ ara wọn, wọ́n ń gba owó oníbodè lọ́wọ́ ara wọn. Kò parọ́. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá tèmi náà ṣe sọ ọ́ fún mi.

Ọmọ náà rọra bi í pé, "Bàbá, àwọn èèyàn tí wọ́n wá kó ńkọ́?"

Ibẹ̀ ni inú ti bí i. Ó dìde. "Àwọn bàbá wa kì í ṣe gbọ́mọgbọ́mọ. Torí iyì ìlú ni wọ́n ṣe lọ sógun. Wọn ò kó ẹrú kankan wọ ilé yìí rí."

Ìyàwó kan tó ń lọ ata ló dá a lóhùn, kò tiẹ̀ gbójú sókè: "Ọkọ mi, bí kò bá sí ẹrú, ṣebí kò sí ọmọ ẹrú nìyẹn. Ṣé kí wọ́n máa gbé igẹ̀ lọ fún Bàbá Télọ̀?"

Ẹ̀rín bú sílẹ̀. Ojú ti Bàbá Olúpọ̀nnà, àmọ́ ó fẹ́ràn orúkọ àwọn bàbá rẹ̀ ju igẹ̀ lọ. Kò lè kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ó juwọ́ sí mi pé kí n gé e. Ọkàn mi balẹ̀, mo mú ọ̀bẹ. Mo rò pé ó ti tán.

Àfi bí Bàbá Télọ̀ ṣe ní, "Ẹ dúró ná, ìyàwó."

Kò gbóhùn sókè. "Mi ò lè gbà á báyìí. Wọ́n mú ìyá yẹn wá. Bàbá bàbá mi máa ń sọ nípa àpá okùn tó wà lọ́rùn ọwọ́ ìyá rẹ̀. Bí mo bá jẹ igẹ̀ yìí torí pé ẹ ní wọn ò mú un wá, èmi náà ti tà á nìyẹn."

Ọ̀rá ń kán sínú iná, ó ń pariwo. Bàbá Olúpọ̀nnà kọjú sí ìdí ògiri níbi tí ibojì ìyá náà wà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, díẹ̀ ló kù kí n má gbọ́.

"Wọ́n mú un wá," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ni igẹ̀."

Mo gé e, mo kúnlẹ̀, mo fi lé Bàbá Télọ̀ lọ́wọ́.

Ọmọ ọmọ mi tẹ̀ lé mi wọ ilé ìdáná, ó ní, "Màmá, ta ló wá jàre nínú wa?" Mo ní kó gbé agbada epo fún mi. Ìwé tí mo kà kò tó nǹkan. Ohun tó dá ogun sílẹ̀, kí àwọn tó kàwé máa bá ara wọn fà á. Ó lè jẹ́ iyì, ó lè jẹ́ ẹrú, ó lè jẹ́ méjèèjì tó so mọ́ra wọn bí okùn. Ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà ni pé èèyàn lè fi ìfẹ́ baba rẹ̀ pa ìyá ẹlòmíì rẹ́, láìmọ̀, lórí ẹran ọdún. Mo sì rí i pé a lè dá a padà, bí ẹnì kan bá lè kọ igẹ̀ sílẹ̀ ná, kí ebi pa á díẹ̀.

Látìgbà náà, kí a tó gé igẹ̀, Bàbá Télọ̀ máa ń ṣe àdúà fún ìyá wa tí wọ́n kó lógun. Bó ṣe ń pè é nìyẹn, sókè, níwájú àwọn ọmọdé. Gbogbo ilé á ní àmín, àmọ́ ti Bàbá Olúpọ̀nnà ni mo máa ń dẹtí sí. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó pẹ́ kó tó ṣe é. Kì í pẹ́ mọ́ báyìí.