Ìkúnlẹ̀ Tí Àǹtí Kò Fẹ́ àti Èyí Tí Wọ́n Fẹ́

Òórùn àbẹ́là ló máa ń jí mi láràárọ̀ Sátidé. Màmá mi á ti tàn án síwájú ère Ìyá Màríà kékeré tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù ní pálọ̀ wa n'Ípọ̀nrí, òórùn náà á sì dà pọ̀ mọ́ ti kẹrosíìnì láti ara sítóòfù. Kò pẹ́ púpọ̀ nígbà náà tí ìjọba ní kí mọ́tò máa gba ọwọ́ ọ̀tún. A óò kúnlẹ̀, a óò ka rósárì. Àgùdà ni Màmá. Bàbá mi kì í yọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì àfi lọ́jọ́ Kérésìmesì, ṣùgbọ́n Áńgílíkà pọ́ńbélé ni ìdílé wọn.

Àǹtí Yaba, ẹ̀gbọ́n Bàbá lóbìnrin, ló máa ń ba àárọ̀ yẹn jẹ́. Olùkọ́ ni wọ́n, ohùn wọn sì máa ń ṣáájú wọn wọlé. Sátidé kan, wọ́n bá mi lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ̀yin Àgùdà yìí! Ère lẹ wá sọ di Ọlọ́run? Ìwọ ọmọ yìí, gbọ́ mi dáadáa o: Ọlọ́run nìkan là ń kúnlẹ̀ fún!"

Màmá ní, "Àǹtí, a ò sìn ín. À ń bọ̀wọ̀ fún un ni, à ń bẹ̀ ẹ́ kó bá wa bẹ Ọmọ rẹ̀." Àǹtí pòṣé.

Ọ̀rọ̀ wọn sú mi. Lọ́jọ́ Ẹtì, olùkọ́ katikísìmù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa á ní kí n kà á lákọ́sórí pé ti Ọlọ́run nìkan ni ìsìn, ọ̀wọ̀ ni ti àwọn ẹni mímọ́. Tó bá di Sátidé, Àǹtí á ní irọ́ ni. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Mo bá gbọ́ ti Àǹtí. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, bí wọ́n ṣe wọlé, mo dúró gbọnrangandan bí òpó iná, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà." Wọ́n ń retí kí orúnkún mi kanlẹ̀. Kò kàn án.

"Ta lò ń kí lóòró báyẹn?"

"Ẹ ní Ọlọ́run nìkan là ń kúnlẹ̀ fún, mà."

Ìgbátí tí mo gbà lọ́jọ́ náà, etí mi ṣì ń hó. Màmá ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe? Ṣebí ohun tí wọ́n kọ́ mi ni mo ṣe! Kí ilẹ̀ tó ṣú, Àǹtí ti sọ fún Bàbá pé Àgùdà ti ba ọmọ wọn jẹ́, Bàbá sì ní n kò ní gba Ara Olúwa mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí n gbà á fún ìgbà àkọ́kọ́. Télọ̀ ti rán aṣọ funfun mi, ó wà lórí ìkọ́, mo ń wò ó, mo ń sunkún.

Màmá kò bá Bàbá fa ọ̀rọ̀. Wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ sílé Àǹtí, wọ́n sì kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, orúnkún méjèèjì. "Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, ẹ bá wa bẹ bàbá ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, kò ní kọ̀."

Ojú Àǹtí rọ̀. "Dìde, ìyàwó mi. Ṣebí èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà. Màá bá a sọ̀rọ̀."

Mo la ẹnu láti bi wọ́n bóyá Màmá ń sìn wọ́n ni. Màmá ti já mi léèékánná nítan kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde. Àǹtí bá Bàbá sọ̀rọ̀ lóòótọ́, mo sì wọ aṣọ funfun mi.

Mo ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún báyìí, wọ́n ṣì ń bi mí níbi iṣẹ́ pé, "Ṣé lóòótọ́ lẹ̀ ń sin Màríà?" Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò rán èèyàn sí ọ̀gá rí pé kó bá òun bẹ̀bẹ̀. Mi ò ṣàlàyé mọ́, ó ti rẹ̀ mí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn láyà jù mí lọ: ó sọ tiẹ̀, ó gba ìgbátí tiẹ̀. Àǹtí ti kú, n kò sì bi wọ́n bóyá Màmá sìn wọ́n lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀ yẹn títí wọ́n fi lọ. Lóṣù Kọkànlá, tí a máa ń gbàdúrà fún àwọn òkú wa, mo máa ń bẹ Ìyá Màríà pé kó bá mi bẹ Ọmọ rẹ̀ fún Àǹtí. Bí wọ́n bá ń gbọ́, inú á ti máa bí wọn gan-an.