Apẹja Tí Màmá Mi Kọ̀

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi dúró lójú kan nínú géèmù kan lọ́dún tó kọjá. Kì í ṣe pé ó le jù mí lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí, mi ò sì lè dáhùn.

Irú géèmù tí mo fẹ́ràn ni èyí tí èèyàn ti ń gbé ìgbésí ayé ẹlòmíì. Wàá di arìnrìn-àjò, wàá máa bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀, ohun tí o bá sì bá wọn sọ ló máa pinnu ibi tí ìtàn náà máa gbà. Mo ti dé etí adágún ńlá kan, èèyàn méjì sì ń dúró dè mí níbẹ̀: baba apẹja kan, àti ọmọbìnrin kan tó mọ ọfà ta. Àwọn méjèèjì fẹ́ bá mi lọ, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni ọkọ̀ gbà. Ẹni tí mo bá fi sílẹ̀, mi ò ní rí i mọ́ títí géèmù á fi parí.

Mo lọ ka ohun tí àwọn tó ti gbá a sọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ẹni tó bá mú ọmọbìnrin yẹn kò ní dé ìlú kan tó wà lábẹ́ omi. Ẹni tó bá sì mú baba kò ní rí ẹṣin funfun kan gùn. Èmi fẹ́ ìlú abẹ́ omi, mo sì fẹ́ ẹṣin. Mo wá séèfù géèmù náà, ìyẹn ni pé mo tọ́jú ibi tí mo dé kí n lè máa padà síbẹ̀. Mo mú baba, mo rìn díẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀, mo padà. Mo mú ọmọbìnrin, mo rìn díẹ̀, mo tún padà. Nígbà tó yá, ibi tí mo tọ́jú ti di ogójì, mi ò sì tíì kúrò létí adágún.

Ọkọ mi kì í sábà dá sí ọ̀rọ̀ géèmù, ṣùgbọ́n tó bá ti ń gba pálọ̀ kọjá, á ní kí n bá òun kí àwọn ará etí omi. Iléeṣẹ́ adójútòfò ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Àílàǹdì. Ó ní iṣẹ́ náà ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀, pé mo fẹ́ dójú ti òfò nínú ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà nígbà tí màmá mi ti Ẹ̀pẹ́ wá sọ́dọ̀ wa ní Lásúnwọ̀n. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún wọn ní Ìkòròdú nítòsí wa ni, dókítà sì ní kí wọ́n má tíì padà sílé, kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí wọ́n má sì fi ojú ṣe wàhálà. Mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́ láti tọ́jú wọn. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, jíjókòó lásán kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n ní kí n máa ka ohun tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n sókè.

Mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bó ṣe ń lọ. Baba apẹja kí mi káàárọ̀, mo sì ka ohun tí mo lè fi dá a lóhùn: "Kí lo fẹ́ lọ́wọ́ mi?"

Màmá mi dá mi dúró. "Ṣé bó o ṣe ń dá àgbàlagbà lóhùn nìyẹn?"

Mo ní bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn, èdè Òyìnbó ni. Wọ́n ní ẹnu tèmi ló ti jáde, kì í ṣe ẹnu Òyìnbó. Mo tún un sọ: "Kí lẹ fẹ́ lọ́wọ́ mi, sà?" Wọ́n ní ẹ̀n-ẹ́n, kí n máa kà á lọ.

Nígbà tí a dé ibi ìbéèrè yẹn, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn, ìlú abẹ́ omi, ẹṣin funfun, ogójì ibi tí mo tọ́jú. Mo rò pé wọ́n á ní kí n mú baba, torí apẹja ni bàbá tó bí wọn ní Ìjẹ̀dẹ́. Wọ́n bi mí pé kí ni baba yẹn gbé dání. Mo ní àwọ̀n ni.

"Ṣé ó tutù?"

Mo sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Àwọ̀n náà gbẹ, ó tilẹ̀ ti ń já lójú kan.

"Àárọ̀ ni, ó wà létí omi, àwọ̀n rẹ̀ sì gbẹ," ni wọ́n wí. "Òpùrọ́ ni. Mú ọmọbìnrin yẹn, jẹ́ ká máa lọ."

Mo ní ká rọra rò ó wò. Wọ́n rán mi létí pé ọmọ tí wọ́n gbẹ̀bí rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ kò lóǹkà, kò sì sí ọ̀kankan nínú wọn tó dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí nọ́ọ̀sì ronú tán. Ojú tì mí díẹ̀. Mo mú ọmọbìnrin náà. Kí n má bàa yọ́ padà, mo pa gbogbo ibi tí mo tọ́jú rẹ́ níṣojú wọn, bí ẹni tó ń fi han ìyá rẹ̀ pé òun ti dàgbà.

Fún bí ọjọ́ mẹ́rin, a rìn jìnnà. Ọmọbìnrin yẹn mọ nǹkan ṣe, màmá mi sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n ń bi mí bóyá ó ti jẹun. A rí ẹṣin funfun náà. Mo ní ó rẹwà. Wọ́n ní kí ló ń jẹ.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ọmọbìnrin náà àti arìnrìn-àjò mi jókòó sídìí iná, ó sì dédé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ baba apẹja. Ó ní adágún yẹn ló gbé ọmọ kan ṣoṣo tí baba bí lọ. Láti ọjọ́ náà ni kò ti ju àwọ̀n sómi mọ́, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń gbé e lọ sétí omi.

Mo kà á tán. Màmá mi fọwọ́ kan bándéèjì ojú wọn, mo sì sọ fún wọn pé dókítà ò fẹ́ ẹkún. Wọ́n ní ta ló ń sunkún. Wọ́n wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ṣé kò sí bá a ṣe lè padà lọ mú baba yẹn?"

Mo ní mo ti pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, ṣebí wọ́n wà níbẹ̀.

"Kí ló dé tó o fi pa gbogbo ẹ̀ rẹ́? Èèyàn kì í ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láìfi ọ̀kan sílẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo gbé e mì. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Bí a bá dé oríta, wọ́n á bi mí léèrè ohun tó wà lápá òsì, wọ́n á bi mí léèrè ohun tó wà lápá ọ̀tún, wọ́n á ní ká kọ́kọ́ séèfù. Wọ́n ti mọ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ń pè é bí orúkọ oògùn. Èmi ni mo wá di ẹni tó ń sọ pé ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ọkọ mi ń kọjá, ó wo àwa méjèèjì, ó ní iléeṣẹ́ adójútòfò ti ṣí ẹ̀ka tuntun sí pálọ̀ òun.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n padà sí Ẹ̀pẹ́. Kò ju ọjọ́ méjì lọ tí wọ́n fi pè mí. Wọ́n béèrè ọkọ mi, wọ́n wá béèrè bóyá baba ti fara hàn níbì kankan. Mo ní kò lè fara hàn mọ́. Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ géèmù náà látilẹ̀ nígbà náà, pé èmi náà á sì rí ìlú abẹ́ omi mi. Ìdánwò ńlá ni. Mo wo ẹ̀rọ géèmù náà níbi tó wà.

"Màmá, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ mọ́," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ ká parí eléyìí bó ṣe wà."

Ó ya èmi fúnra mi lẹ́nu. Wọ́n ní ó dáa, bí ẹni tí kò gbà.

Ọ̀sán Sátidé kan ni mo parí ẹ̀, mo sì pè wọ́n. Mo sọ fún wọn pé ọmọbìnrin náà ti padà délé ìyá ẹ̀. Inú wọn dùn, wọ́n ní kí Ọlọ́run fún un lọ́kọ gidi. Wọ́n wá sọ fún mi pé baba náà ti kó lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó tiẹ̀ ti sanra díẹ̀. Mo bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀. Wọ́n ní iná ti dé, wọ́n fẹ́ lọ fa omi.