Ìwé Funfun Inú Apẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń gé àdúrà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ, gígé náà ni mo wí. Ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣómólú, nígbà tí a bá ti parí kàlẹ́ńdà àti ìwé ìkéde òkú tó wà nílẹ̀, ọ̀gá mi máa ń yọ̀ǹda ẹ̀rọ ìgéwé fún mi fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Nígbà yẹn, mo ti tẹ orúkọ gbogbo ẹni tó ń fẹ́ àdúrà nínú ìjọ wa sórí kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú ohun tó ń dùn wọ́n lọ́kàn. Mo ti tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Ó ku kí n gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ìlà kan fún ẹnì kan.

Abúlé Òkúta ni ìjọ wa wà. A ò pọ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ni a ò ní gbọ̀ngàn tó ṣeé fi yangàn. Ohun tí a ní ni apẹ̀rẹ̀ kékeré kan. Bí ìwàásù bá ti parí, apẹ̀rẹ̀ náà á máa lọ láti ìjókòó dé ìjókòó, oníkálùkù á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, á fa ìwé kan. Ẹni tó o bá fà ni wàá gbàdúrà fún títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí. Òfin méjì péré ló so mọ́ ọn. Àkọ́kọ́, bí o bá fa tìrẹ, dá a padà, nítorí pé bí ọ̀bẹ bá mú títí, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ìkejì, kí Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, o gbọ́dọ̀ wá ẹni náà kàn, kí o bi í pé, "Ọ̀rọ̀ yẹn ńkọ́?" Pásítọ̀ wa máa ń sọ pé àdúrà tí kò mọ ilé ẹni tí wọ́n ń gbà á fún lè ṣìnà lójú títì.

Mo lẹ́nu, mi ò sẹ́. Orí wásáàpù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi ẹ̀bẹ̀ wọn ránṣẹ́ sí mi, àwọn mìíràn á sì kọ lẹ́tà tó gùn ju ìwé ilé ẹjọ́ lọ. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí onílé wọn sọ lọ́dún tó kọjá, wọ́n á dé orí ìyàwó ẹ̀gbọ́n, wọ́n á tó wá rántí pé orúnkún ló ń dùn wọ́n. Èmi á gé gbogbo rẹ̀ kù sí ẹyọ ìlà kan: *orúnkún*. Bí wọ́n bá bínú, mo máa ń sọ fún wọn pé Ọlọ́run ti mọ onílé yín tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí apẹ̀rẹ̀ yẹn ṣe, n kò sì lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo rí díákónì kan tó fa orúkọ obìnrin tí kò kí fún ọdún méjì gbáko. Ojú rẹ̀ korò bí ewúro. Ó wo apẹ̀rẹ̀, ó wo pásítọ̀, kò sí ibi tó fẹ́ gbà. Báwo lèèyàn ṣe máa gbàdúrà fún ẹnì kan láàárọ̀ lálẹ́, tó sì máa wá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láìkí i? Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n bá díákónì náà nínú ilé obìnrin ọ̀hún, ó ń bá a tún jẹnerétọ̀ rẹ̀ ṣe. Mo tún rí vọ́kánáísà kan tó fa ọmọbìnrin tí èémí rẹ̀ máa ń há. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti mọ̀ nípa ẹ̀rọ tí ọmọ náà ń fà sẹ́nu ju bàbá ọmọ lọ.

Nínú gbogbo wa, ìyá ẹlẹ́ja kan ló mọ iṣẹ́ yìí jù. Àgbà obìnrin ni, láti etíkun Òǹdó ló ti bá ọkọ rẹ̀ wá sí Ìlàjẹ ní Bàrígà, níbi tó ti ń yan ẹja létí ọ̀sà títí dòní. Kò mọ̀wé kà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ló máa ń ka ohun tó bá fà fún un, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà, á ká ìwé náà, á so ó mọ́ etí ìró rẹ̀. Ohùn ló máa ń gbà sórí fóònù ránṣẹ́ sí mi, a sì máa ń gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi lẹ́yìn rẹ̀. Á ní kí n kọ orúkọ obìnrin tó ń ta igi ìdáná sílẹ̀. Á ní kí n kọ ọmọ aládùúgbò òun tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fún àwọn ẹlòmíràn ṣáá.

Èmi náà kò kọ tèmi rí. Títí di ọdún tó kọjá, mo rò pé n kò ní. Lẹ́yìn náà ni ojú òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í já mi kulẹ̀. Ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ń fa aṣọ fèrèsé bò ó díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Mo ń fi èjìká òsì gbá òpó ilẹ̀kùn. Ní Fádèyí, kẹ̀kẹ́ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi nítorí pé apá òsì ló ti ń bọ̀. Ẹni tó wà á bú mi, mo sì bú u padà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé òun ló jàre. Lẹ́nu iṣẹ́, mo ń sọ lẹ́tà di ńlá gbàngbà lójú kọ̀ǹpútà. Bí ọ̀gá mi bá ń bọ̀, màá yára sọ ọ́ di kékeré padà.

Ẹ̀rù bà mí. Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹ̀rù bà mí débi pé oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Nígbà tí ìyá mi wà ní irú ọjọ́ orí mi yìí nílé lọ́hùn-ún ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ojú rẹ̀ fọ́, bó sì ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Mo ní ọmọ méjì nílé ìwé, bàbá wọn sì ti kú. Ẹni tó ń tẹ̀wé tí kò wá ríran mọ́, kí ló kù tó máa ṣe? Mo kọ̀, n kò lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n má baà sọ ohun tí mo ti mọ̀ fún mi. Mo kọ̀, n kò fi í sínú apẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo ń bá gbogbo ìjọ tún ọ̀rọ̀ wọn kọ, èmi tí mo ń pàṣamọ̀ lórí orúnkún àwọn èèyàn, kí wọ́n wá máa ka ojú mi lórí pépà? Ká má rí i.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ọmọ-ọmọ ìyá ẹlẹ́ja kò wá sí ìsìn àárọ̀, ó lọ kí ẹbí bàbá rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ kọjá, oníkálùkù fa tirẹ̀. Màmá yíjú sí mi.

"Ọmọ mi, bá mi ka tèmi. Ìwọ lo sáà kọ ọ́."

Mo gba ìwé náà. N kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Mo gbé e súnmọ́ ojú ọ̀tún tó ṣì ń ṣiṣẹ́, n kò rí nǹkan. Mo ṣe bí ẹni ń tún ìjókòó ṣe, mo gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti ń wọlé, síbẹ̀ kò sí nǹkan. Mo ní, ó ti dé nìyẹn. Ojú kejì náà ti lọ. Màmá sì ń wò mí, ó ń dúró.

Ẹnu mi kàn ṣí fúnra rẹ̀ ni. Mo ní, "Ẹnì kan ni, Màmá. Kò fi orúkọ sí i. Ojú ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ̀rù ń bà á pé òun máa fọ́jú."

"Háà," ni Màmá wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ọmọ ọlọ́mọ." Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ká a, ó so ó mọ́ etí ìró.

Nígbà tí mo délé, mo gbé Bíbélì, mo sì rí i kà pẹ̀lú ojú ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ náà wá dàrú mọ́ mi lójú pátápátá. Ojú tó lè ka Bíbélì, kí ló dé tí kò lè ka ìwé Màmá?

Ní Ọjọ́rú, òórùn ẹja yíyan ló kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù wa, ó borí òórùn yíǹkì, kí ẹni tó ni ín tó tẹ̀ lé e. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó jókòó lórí ìdì pépà kan, ó tú etí ìró rẹ̀, ó gbé ìwé náà sórí kíbọ́ọ̀dù mi.

"Ọmọ-ọmọ mi dé nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè," ó ní. "Mo ní kó tún un kà, kí n lè mọ bí ẹni náà ṣe sọ ọ́ gan-an. Ó ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Mo ní kó yí i padà. Ó ní ẹ̀yìn rẹ̀ náà funfun ni."

Mo mú un, mo wò ó. Ìgbà yẹn ni ó tó yé mi. Ìdí pépà ni, èyí tí a máa ń gé dànù lẹ́yìn ìlà tó kẹ́yìn. Nítorí pé n kò ríran dáadáa lápá òsì, mo ti gbá a mọ́ àwọn yòókù sínú apẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ojú mi ọ̀tún ló kọ̀. Ó yẹ kí inú mi dùn, ṣùgbọ́n ìbínú ló kọ́kọ́ dé.

"Àṣìṣe ni, Màmá. Ẹ má bínú, iṣẹ́ ló wà lọ́rùn mi yìí. Màá fún yín ní òmíràn."

"Mi ò béèrè òmíràn. Mo ti gbàdúrà lórí èyí láti Sọ́ńdè. Wọ́n ní ká béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ojú ọ̀hún ńkọ́?"

"Ojú wo?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wò ó, èmi ò mọ̀wé kà láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Gbogbo ìjọ ló mọ̀. Ẹni tó bá súnmọ́ mi ni mo máa ń na ìwé sí, màá ní kó bá mi kà á. Ojú ò tì mí rí. Ìwọ ńkọ́? Ìtìjú tó o gbé dání yìí ló máa bá ẹ ti ojú ọ̀hún pa."

Mo bú sẹ́kún níwájú kọ̀ǹpútà, níṣojú àwọn tó ń di pépà.

"Èmi ni, Màmá."

"Mo mọ̀. Ta ló tún lè ka ìwé tí wọn ò kọ?"

"Ẹ ti mọ̀ láti Sọ́ńdè? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò wá?"

"Mo ní kí n kọ́kọ́ gbé e lọ bá Ọlọ́run. Ká ní mo yára wá ni, wàá lé mi jáde." Òótọ́ ni, ǹ bá lé e jáde. Ó fa etí ìró rẹ̀ fún mi. "Nujú. Béèyàn bá ń sunkún, ó sáà máa ń ríran. Ọjọ́ wo ni wọ́n ń rí dókítà ojú?"

A jọ lọ ni. Ó gbé báàgì mi lé itan láti àárọ̀ títí wọ́n fi pe nọ́ńbà mi. Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ó ní ohun tí mo ti pàdánù lójú òsì kò ní padà wá, pé ó jọ pé irú rẹ̀ ló ṣe ìyá mi, ṣùgbọ́n a lè dá ti ọ̀tún dúró bí mo bá ń kán oògùn sí i lójoojúmọ́ tí n kò sì pa á jẹ. Ó béèrè ohun tó gbé mi wá lásìkò yìí, nítorí pé ká ní mo tún fi ọdún kan falẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀. N kò mọ bí mo ṣe máa sọ fún un pé ìwé tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ni.

Mo sọ fún ọ̀gá mi. Ó ráhùn fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà ó gbé tábìlì mi kúrò níbi tí oòrùn ti ń ta sí i. Mo sọ fún ìjọ pẹ̀lú, mo sì ní n kò ní jẹ́ kí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ wáyé mọ́. Màmá dìde. Ó ní kò gbọdọ̀ dópin, pé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí n máa fi ẹyọ funfun kan sínú apẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí kò lè sọ tirẹ̀. Àwọn kan kùn pé ta ni ẹni tó bá fà á máa lọ bi. Màmá ní kó bi gbogbo èèyàn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é báyìí. Mo ti rí ẹni tó mú ìwé funfun dání tó lọ láti ilé dé ilé, àwọn tí a rò pé nǹkan ń dùn fún sì ń fà á wọlé. N kò tíì rí ohun tó wù mí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹ̀sìn.

Lóṣù tó kọjá, èmi ni mo fà á. Mo kọ́kọ́ ní kí ọmọ tó jókòó tì mí bá mi wò ó bóyá funfun ni lóòótọ́. Ó ní funfun ni. Odindi ọjọ́ Ajé ni mo fi ń ronú ẹni tí mo máa kọ́kọ́ bi. Àfi bí mo ṣe rántí gbogbo ìlà tí mo ti tẹ̀ láti ọdún wọ̀nyí wá, tí mo sì rí i pé n kò tíì tẹ orúkọ Màmá rí, àní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mo bá a létí ọ̀sà ní Ìlàjẹ, nínú èéfín, ó ń yí ẹja padà lórí asẹ́.

"Màmá, ìwé funfun ni mo fà."

"Ó dáa. Ta lo ti bi?"

"Ọ̀dọ̀ yín ni mo kọ́kọ́ wá. Ṣé ẹ̀yin ni?"

Ó gbé ẹja ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó wá fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó kan sọ́dọ̀ mi.

"Jókòó," ó ní. "Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń retí ẹni tó máa bi mí."

Mo gbé àpótí náà lọ sí apá òsì rẹ̀, níbi tí ojú ọ̀tún mi ti lè rí i dáadáa, mo sì jókòó.