Igi Àgbálùmọ̀ Ilé Wa

Ìdí igi àgbálùmọ̀ ni wọ́n sin ìwọ́ mi sí, ní abúlé wa lójú ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá. Bàbá mi ló gbẹ́ ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀, nígbà tí igi ọ̀hún kò tíì ga ju èèyàn lọ. Látìgbà náà, tèmi ni gbogbo ilé ń pe igi yẹn. Mo dàgbà, mo kúrò lábúlé, mo ń gbé Kẹ́mta, mo ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, igi náà kò yéé jẹ́ tèmi. Lọ́dọọdún, tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, bàbá mi á ṣa èyí tó bá jábọ́ sínú àpò, á fi rán awakọ̀ tó bá ń bọ̀ nígboro sí mi. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ká a lórí igi. Ó ní àgbálùmọ̀ tí kò bá fúnra rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kò tíì ṣe tán àtidùn.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń jí jáde ní Kẹ́mta kí ilẹ̀ tó mọ́, tí mò ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọ́fíìsì l'Ékòó. Iléeṣẹ́ kan ni mò ń bá tọ́jú ẹrù. Nígbà tí iléeṣẹ́ náà kógbá sílé, wọ́n pè wá jọ, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, wọ́n sì gba káàdì tí a fi ń ṣílẹ̀kùn. Ọpẹ́ yẹn ló bí mi nínú jù. Wọn ì bá kúkú bú wa. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, mo ṣì ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì mi, mo ń so táì, mo ń jáde láàárọ̀. Ìtòkú ni mò ń lọ jókòó sí, ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta àdìrẹ, kí àwọn aládùúgbò má baà mọ̀ pé n kò níbi tí mò ń lọ. Ta ni mò ń tàn jẹ? Gbogbo Kẹ́mta ló ti mọ̀.

Ti bàbá mi ló dùn mí jù. Nígbà tí mo lọ sọ fún un pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi, ńṣe ló dìde. Ó mú àdá rẹ̀, ó lọ sóko. Nígbà tó dé, ó ti wa iṣu fún mi bọ̀, iṣu tó pọ̀ ju èyí tó máa ń fún mi tẹ́lẹ̀ lọ. Ó sì ń bá òrìṣà rẹ̀ sọ̀rọ̀ mi ní gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sígbà tí mo lọ kí i tí kì í bi mí, kí n tó dọ̀bálẹ̀ tán, pé, “Ṣé o ti rí nǹkan ṣe?” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ìbéèrè yẹn. Oṣù wá ń gorí oṣù kí n tó débẹ̀.

Ìyàwó mi ló gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n fẹ́ kọ́ àwọn àgbàlagbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn ní iṣẹ́ sólà, lọ́fẹ̀ẹ́, nítòsí Aké. Mo ní, “Èmi? Kí n máa gun òrùlé kiri bí ológbò?”

Ó ní, “Dádì wọn, ẹ lọ gun òrùlé. Ìjókòó Ìtòkú ti tó gẹ́ẹ́.”

Bí mo ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ padà nìyẹn, tòun ti ewú lórí. Obìnrin tó ń kọ́ wa kò ju ẹgbẹ́ àkọ́bí mi lọ. Ó ń pè wá ní sà àti mà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá wọ bàtà tó nípọn, ilé ló ń lé e lọ. Ìyá kan wà láàárín wa tó ti ń ta ẹja yìnyín rí, kí àìsí iná tó bá ọjà rẹ̀ jẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo gun àkàbà, ó ké sí mi láti ìsàlẹ̀ pé, “Bàbá, ẹ rọra o, ikùn yín ti ṣáájú yín débẹ̀!” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi náà rín in. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ wa ń tẹnu mọ́ jù ni ti òjìji. Ó ní bí òjìji bá bo ìwọ̀nba díẹ̀ lára páànẹ̀lì tó ń gba oòrùn, ó lè ba iṣẹ́ gbogbo rẹ̀ jẹ́. Kí a tó gbé àkàbà rárá, ká kọ́kọ́ dúró sí àgbàlá onílé láti àárọ̀ dalẹ́, ká máa fi òkúta sàmì síbi tí òjìji bá dé. Ó tún máa ń sọ pé iṣẹ́ tí kì í ba ayé jẹ́ ni iṣẹ́ wa: kò sí èéfín, kò sí ariwo jẹnẹrétọ̀, a kì í gé igi dáná. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn. Mo máa ń sọ ọ́ nílé bí ẹni pé èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ń parí lọ, wọ́n ní kí oníkálùkù wá ilé kan tó máa fi dánra wò, àwọn á fún wa ní páànẹ̀lì àti bátìrì. Ilé bàbá mi ni mo mú. Iná ìjọba kò dé abúlé wa rí. Mo fẹ́ kí bàbá mi fojú ara rẹ̀ rí i pé ọmọ rẹ̀ ti níṣẹ́ lọ́wọ́ padà. Mo fẹ́ kí ìbéèrè yẹn tán.

Mo lọ wo òrùlé náà. Mo to òkúta láàárọ̀, mo tò ó lọ́sàn-án, bàbá mi ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn pẹ̀lú orín lẹ́nu. Nígbà tí oòrùn yẹ̀ sí apá kejì, igi àgbálùmọ̀ mi na òjìji rẹ̀ bo òrùlé pátápátá. Mo dúró, mo mí kanlẹ̀.

Bàbá mi bi mí pé, “Ṣé igi yìí ni kò jẹ́ kó ṣeé ṣe?”

“Òun ni, Bàbá.”

“Bí kò bá wá ṣeé ṣe, ṣé wọn ò ní fún ọ níṣẹ́ ni?”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ ronú sí i. Ọlọ́kadà tó máa gbé mi ti dé, ó ń fun fèrè kíkan kíkan, òjò sì ti ṣú dúdú. Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, mo gun ọ̀kadà lọ.

Orí ọ̀kadà yẹn ni mo wà tí àpáta ẹ̀yìn ilé wa fi sọ sí mi lọ́kàn. Àpáta pẹrẹsẹ ni, ibẹ̀ ni ìyá mi olóògbé ti ń sá láfún. Gbogbo ẹbí ló mọ̀ pé kò sí òjìji kankan níbẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ni oòrùn ti ń wà níbẹ̀ títí yóò fi wọ̀. Kí ni mò ń wá lórí òrùlé? Ká ri òpó irin mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpáta, ká gbé páànẹ̀lì lé e, ká fa wáyà wọlé, ó parí! Inú mi dùn débi pé mo ń dá rẹ́rìn-ín, tí ọlọ́kadà ń wẹ̀yìn wò mí. Ǹ bá ní kó yí padà. Ṣùgbọ́n mo rò pé kò sí kánjúkánjú níbẹ̀, àti pé mo fẹ́ bá bàbá mi lójijì, kí n rí ojú rẹ̀ nígbà tí mo bá gbé ọgbọ́n mi dé. Mo lọ bá wẹ́dà, mo ní kó jó òpó irin fún mi.

Láti ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ wọ abúlé wa lèèyàn ti máa ń rí orí igi àgbálùmọ̀ náà, kó tó rí òrùlé kankan. Lọ́jọ́ tí mo gbé òpó lọ, òrùlé ni mo kọ́kọ́ rí. Mo rò pé awakọ̀ ti ṣìnà. Àfi ìgbà tí a dúró lójúde ilé wa tí mo rí kùkùté, tí oje funfun ṣì ń sun lára rẹ̀, tí ayùn ẹ̀rọ sì ti fọ́n lẹ́búlẹ́bú igi káàkiri àgbàlá. Orí òkúta tí mo fi sàmì náà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ dà sí.

Bàbá mi ti wọ aṣọ tó fi ń lọ sípàdé. Ó pe àwọn aládùúgbò jọ. Ó na ọwọ́ sókè sí òrùlé, ó ní, “Wo oòrùn! Mo ti là á fún ọ.”

Ó sọ fún mi pé òun fi omi tútù àti obì bẹ igi náà, òun ṣàlàyé fún un pé ẹni tó ni ín ló ń wá iṣẹ́, kó má ṣe bínú. Àwọn tó ń sun èédú ló bá a gé e, wọ́n sì kó igi náà lọ láti fi sun èédú. Ni ojú bàbá mi bá lọ sẹ́yìn ọkọ̀.

“Òpó wo nìyẹn?”

Mo ní, “Ti iṣẹ́ mìíràn ni, Bàbá. Ọ̀nà ibẹ̀ la máa gbà padà.”

Ìyá ẹlẹ́ja yìnyín, tó bá mi wá ṣiṣẹ́, mọ ibi tí òpó náà ń lọ. Ó la ẹnu. Mo wò ó, ó pa á dé.

Orí òrùlé la gbé páànẹ̀lì sí. Nírọ̀lẹ́, gílóòbù tàn, àwọn èèyàn pariwo, bàbá mi sì ń wọ yàrá bọ́ sí yàrá, ó ń pa iná, ó ń tàn án. “Ọmọ mi ló ṣe é o. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.” Látọjọ́ yẹn, kò tún bi mí bóyá mo ti rí nǹkan ṣe. Ohun tí mo ń fẹ́ náà nìyẹn, mo sì rí i gbà.

N kò lè pa irọ́ mọ́ iṣẹ́ náà, ó gbé mi dìde. Mo ti ṣe sólà sí ilé tó pọ̀ ní Aké, mo ṣe é fún àwọn olóko adìẹ, èmi àti ìyá ẹlẹ́ja yìnyín la sì jọ ń ṣe é. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ó ń dùn mí. Ó ń dùn mí ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbé òkúta láti fi sàmì òjìji. Gbólóhùn kan péré ni ì bá gba igi yẹn là, mo sì ní in lẹ́nu lórí ọ̀kadà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Abẹ́ igi yẹn ni bàbá mi ti máa ń na ẹ̀yìn láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú. Ní báyìí, ó ń gbé àga tẹ̀ lé òjìji ògiri. Tó bá di ọ̀sán, ẹ̀yìn ilé ló máa ń wà pẹ̀lú àwọn ewúrẹ́. Mo ní kí n kọ́ àtíbàbà fún un, ó ní oòrùn kò ṣe òun ní nǹkan kan. Ó wá bi mí pé, “Òpó ọjọ́sí, ṣé ó ṣe iṣẹ́ tó o rà á fún?”

Mo ní, “Ó ṣe é dáadáa, Bàbá.” Ẹ̀yìnkùlé wa ní Kẹ́mta ló wà. Ìyàwó mi so okùn mọ́ ọn, ó ń sá aṣọ sí i.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, awakọ̀ gbé àpò àgbálùmọ̀ wá gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Mo tú u. Ìdí wọn ṣì ní igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi so mọ́ ẹ̀ka, ara àwọn mìíràn ṣì ní àwọ̀ ewé. Kíká ni wọ́n ká wọn. Mo bi awakọ̀ pé níbo ni bàbá ti rí i. Ó kọ́kọ́ họ orí, kó tó jẹ́wọ́ pé ọjà ni òun ti rí bàbá tó ń ṣà á rà lọ́kọ̀ọ̀kan, bàbá sì ní kí òun má sọ fún mi. Bàbá mi, tí kò fowó ra àgbálùmọ̀ rí láyé rẹ̀.

Ìyàwó mi fi ọ̀kan kan ẹnu, ó tu ú dànù, ó ní ó kan jù, kí a kó o fún àwọn ọmọdé fi ṣeré. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Mo jókòó sẹ́yìnkùlé, nídìí òpó, mo jẹ ẹ́ tán.